Afẹ́fẹ́ Ti Rọlẹ̀

Yàrá Àyẹ̀wò Ojú Ọjọ́,
Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì Kejì, Ilé Èbúté.
Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù karùn-ún.

Ọ̀rẹ́ mi tó ti di ẹbí,

Báwo ni gbogbo ilé? Ẹ̀yìn tó ń dùn ọ́ nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ ńkọ́, ṣé ó ti ń fúyẹ́? Bàálé rẹ ńkọ́, ṣé wọ́n ti jáwọ́ nínú bíbá rédíò jiyàn? Màmá wa àgbà ńkọ́, ṣé ojú tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún ti ń ríran dáadáa? Àwọn ọmọ ńkọ́, pàápàá àbíkẹ́yìn tó máa ń kó abẹ́rẹ́ rẹ pamọ́? Ní tèmi, ara mi le, mò ń jẹ, mò ń mu, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò tíì padà sí àyè rẹ̀. Ohun tó gbé e kúrò níbẹ̀ ni mo fẹ́ sọ fún ọ.

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́ lánàá. Orí àtẹ̀gùn ni mo ti ń kà á, mo ń rẹ́rìn-ín oníbàárà rẹ tó ní kí o fi inṣi mẹ́rin dín ìwọ̀n ìbàdí òun kù nínú ìwé rẹ, àfi bí mo ṣe dé ibi tí o ti kọ ọ́ pé o gbọ́ ní ṣọ́ọ̀bù rẹ pé Bọ̀ọ̀dá Jẹ́jẹ́, ẹ̀gbọ́n mi, gbọ́ ìkìlọ̀ àwa ará ọ́fíìsì ojú ọjọ́, wọ́n kọ etí ikún sí i, wọ́n sì kó èèyàn mẹ́rìnlá wọ inú ìjì lójú omi. O ní o kò mọ̀ pé agídí wọn tó bẹ́ẹ̀. Mo jókòó síbẹ̀. Kì í ṣe pé o parọ́ o. Ohun tí gbogbo èèyàn ìlú yìí gbọ́ nìyẹn. Ohun tó ń dẹ́rù bà mí ni pé èmi fúnra mi gbà á gbọ́ fún ọjọ́ mọ́kànlá gbáko, èmi tí èmi àti wọn jọ mu ọmú kan náà.

O rántí bí o ṣe máa ń fi iṣẹ́ mi ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà tí a jọ ń gbé yàrá kan. O ní ta ló ń gba èèyàn síṣẹ́ kó wá máa wọn afẹ́fẹ́, ìwọ lo sì sọ mí ní Awọ̀n-afẹ́fẹ́. Ó dára, jẹ́ kí n tún un ṣàlàyé fún ọ, má sì sùn lọ bíi ti àtijọ́. Afẹ́fẹ́ tó yí wa ká yìí ní ìwúwo. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni gbogbo wa ń gbé, bí ẹja ṣe ń gbé ìsàlẹ̀ omi, ó sì ga lókè orí wa ju ibi tí bàlúù ń fò dé lọ. Ó ń tẹ̀ wá láti òkè, ó ń tẹ̀ wá láti ẹ̀gbẹ́, èyí tó wà nínú ara wa sì ń tì í padà, ìdí nìyẹn tí a kì í fi í mọ̀ ọ́n lára. Ẹ̀rọ róbótó kan wà lára ògiri wa níbí tó ní ọwọ́ kan ṣoṣo bíi ti aago. Ìwúwo yẹn ló ń wọ̀n.

Bí oòrùn bá ti pa ilẹ̀ dáadáa, ilẹ̀ á mú afẹ́fẹ́ tó wà lórí rẹ̀ gbóná. Afẹ́fẹ́ gbígbóná á fúyẹ́, á máa gòkè, á sì gbé oru omi dání. Òkè tútù, o mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bó bá débẹ̀, oru yẹn á padà di omi wínníwínní, bí oru ìkòkò ṣe ń di omi lára ọmọrí, òun ni ìkùukùu tí à ń rí. Nígbà tí afẹ́fẹ́ bá ń gòkè báyìí lọ́pọ̀lọpọ̀, èyí tó kù tó ń tẹ ẹ̀rọ wa á dín kù, ọwọ́ rẹ̀ á sì já wálẹ̀. Tó bá já wálẹ̀ kíákíá, kí onílé ó wọlé, ìjì ń bọ̀ nìyẹn. Òfin ọ́fíìsì wa ni pé bó bá já ní ìlà mẹ́ta láàárín wákàtí kan, kí a fi fóònù kìlọ̀ fún gbogbo àwọn tó ń fi ọkọ̀ gbé èrò sọdá.

Ọjọ́ Ẹtì kan ló ṣẹlẹ̀, ní ìparí oṣù tó kọjá. Láti àárọ̀ ni afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ kíkankíkan, omi ń ru, Bọ̀ọ̀dá sì kọ̀, wọ́n ní àwọn kò ní í gbéra. O mọ̀ wọ́n. Èèyàn tó máa ń yẹ okùn ọkọ̀ wò lẹ́ẹ̀mẹta kó tó tú u, ṣé ẹni tí à ń pè ní Jẹ́jẹ́ láìnídìí ni? Èrò mẹ́rìnlá jókòó sábẹ́ òrùlé èbúté, wọ́n ń ráhùn, Bọ̀ọ̀dá ń rẹ̀ wọ́n lẹ́kún. Nígbà tó di ọ̀sán, gbogbo rẹ̀ dákẹ́. Ewé kan kò mira. Àsíá orí ilé wa so jọwọrọ mọ́ òpó rẹ̀. Ooru wá mú débi pé ìwé ń lẹ̀ mọ́ mi lápá.

Ní aago mẹ́ta ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, mo gbójú sókè wo ẹ̀rọ. Ọwọ́ rẹ̀ ti já wálẹ̀ ní ìlà mẹ́rin láàárín wákàtí kan. Láti ọdún méjìlá tí mo ti wà níbí, ẹ̀ẹ̀mejì péré ni mo tíì rí irú rẹ̀. Ọkọ̀ mẹ́ta ló ń gbé èrò lórí omi yìí. Ọ̀kan ti bàjẹ́, wọ́n so èkejì mọ́lẹ̀ ní òdìkejì, ti Bọ̀ọ̀dá nìkan ló kù. Mo pè wọ́n, mo sọ bó ṣe rí, wọ́n dáhùn, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, mo gbé fóònù sílẹ̀. Mo kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀ pé a ti kìlọ̀ fún ọkọ̀ wọn, mo fọwọ́ sí i. Ọkàn mi balẹ̀, mo lọ mu omi.

Nígbà tí mo padà dé ojú fèrèsé, ọkọ̀ Bọ̀ọ̀dá ti kúrò ní èbúté, ó ń lọ láàárín omi tó tẹ́jú pẹrẹsẹ. Mo tún pè wọ́n, mo pè wọ́n títí, ariwo ẹ́ńjìnnì kò jẹ́ kí wọ́n gbọ́. Ọ̀rẹ́ mi, mo dúró síbẹ̀, mo ń wò ó bí òjò ṣe ṣú bo òdìkejì. Afẹ́fẹ́ tó ti ń gòkè látẹ̀yìnwá wá tutù lókè, ó wúwo, ó sì dà wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Àsíá wa tó so jọwọrọ ya sí méjì lójú mi. Lẹ́yìn náà òjò dé, mi ò rí omi mọ́, mi ò rí ọkọ̀ mọ́.

Ẹ̀mí kankan kò bọ́ sí i. Bọ̀ọ̀dá fi tipátipá darí ọkọ̀ náà sórí òkìtì iyanrìn kan, ibẹ̀ ni wọ́n ti rí wọn. Òrùlé ọkọ̀ ti fò lọ, apá tíṣà obìnrin kan sì ṣẹ́ sọ́nà méjì, ó ṣì wà ní ọsibítù bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí. Ọjọ́ kejì ni wọ́n gba ìwé àṣẹ ìwakọ̀ lọ́wọ́ Bọ̀ọ̀dá. Wọ́n ní ìgbìmọ̀ máa jókòó lórí ọ̀rọ̀ náà, bí ẹ̀bi bá sì jẹ́ tiwọn, wọn kò ní í wa ọkọ̀ mọ́ láyé wọn. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni wọ́n ti ń wà á, wọn kò mọ iṣẹ́ mìíràn. Ìwé tí èmi fọwọ́ sí ni ẹ̀rí tó le jù lọ tí wọ́n kó jọ sí wọn.

Kí ni Bọ̀ọ̀dá wá sọ nígbà tí wọ́n bi wọ́n? Wọ́n ní èmi ni mo pe àwọn pé kí àwọn máa lọ. Nígbà tí mo gbọ́ ìyẹn, inú bí mi gan-an. Mo ní kí ẹ̀gbọ́n mi ṣe agídí, kó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ọmọ ọlọ́mọ, kó tún wá gbé e lé mi lórí. Mi ò lọ kí wọn. Ìyàwó wọn pè mí, mi ò gbé e. Ọjọ́ mọ́kànlá.

Màmá wa ló ránṣẹ́ pè mí ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Wọn kò bá mi wí. Wọ́n kàn ní ọmọ méjì péré ni àwọn bí, àwọn kò sì ní agbára láti máa pín ara àwọn sí méjì, kí n lọ fi ẹnu ara mi bi ẹ̀gbọ́n mi léèrè. Mo lọ. Mo bá Bọ̀ọ̀dá lẹ́yìnkùlé, wọ́n tú ẹ́ńjìnnì palẹ̀, wọ́n ń nu ohun tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀. Ìyàwó wọn ń ká aṣọ lórí okùn. Bọ̀ọ̀dá dá ìkíni mi lóhùn, wọn kò wojú mi.

Mo ní, “Bọ̀ọ̀dá, kí ló dé tí ẹ parọ́ mọ́ mi?”

Wọ́n gbé orí sókè. “Èmi ni mo parọ́? Kí lo sọ fún mi lórí fóònù lọ́jọ́ yẹn?”

“Mo ní afẹ́fẹ́ ti rọlẹ̀.”

“Ẹ̀ẹ̀kan lo sọ ọ́?”

“Ẹ̀ẹ̀mejì ni. Mo tún ní ó rọlẹ̀ gan-an ni.”

“Ohun tí mo sọ fún wọn nìyẹn. Èwo ni irọ́ níbẹ̀?”

A wá ń wo ara wa, kálukú rò pé òun ti borí. Ìyàwó Bọ̀ọ̀dá ló dúró láàárín aṣọ, ó ní, “Ẹ dúró ná. Afẹ́fẹ́ wo ló rọlẹ̀?”

“Èyí tó wà lára ògiri,” ni mo wí. “Èyí tó ń fẹ́ látàárọ̀,” ni Bọ̀ọ̀dá wí. Ẹ̀ẹ̀kan náà la sọ ọ́.

Ọ̀rẹ́ mi, ìgbà yẹn ló yé mi. Ní ọ́fíìsì wa, a kì í sọ pé ìwúwo afẹ́fẹ́ ti dín kù, ó ti gùn jù. ‘Afẹ́fẹ́’ lásán ni à ń pè é. Afẹ́fẹ́ ti gòkè, afẹ́fẹ́ ti rọlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe bá a lẹ́nu ọ̀gá mi, bẹ́ẹ̀ ni èmi náà ṣe ń sọ ọ́, tí mo fi gbàgbé pé ní gbogbo ayé tó kù, bí wọ́n bá ní afẹ́fẹ́ ti rọlẹ̀, ewu ti kọjá nìyẹn. Bọ̀ọ̀dá sì ti jókòó látàárọ̀, wọ́n ń retí kó rọlẹ̀. Ó wá rọlẹ̀ lóòótọ́. Ohun tó mú kí ọwọ́ ẹ̀rọ já wálẹ̀ náà ló mú kí ewé dákẹ́: afẹ́fẹ́ kò ráyè fẹ́ sápá ọ̀tún tàbí sápá òsì mọ́, òkè ló ń fà lọ. Ohun tí mo sọ bá ohun tí wọ́n ń fi ojú ara wọn rí mu rẹ́gí.

Bọ̀ọ̀dá nu ọwọ́ wọn, wọ́n bi mí léèrè, kò sí ìbínú níbẹ̀ rárá: “Nígbà tí mo ní ‘Ọlọ́run ṣeun, a dúpẹ́,’ kí lo rò pé mò ń dúpẹ́ lé lórí?” Ta ló ń dúpẹ́ pé ìjì ń bọ̀? Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn ketekete, mo sì gbà á bí ẹni gba ìkíni. Mo bú sẹ́kún lẹ́yìnkùlé wọn, níwájú ẹ́ńjìnnì.

Wọ́n tún sọ ohun kan. Wọ́n ní láàárín àwọn ọlọ́kọ̀, ẹ̀rín ni ọ́fíìsì wa. Bí ìjì bá ti ń jà tó ń ṣí páànù ilé, a ó pè wọ́n pé afẹ́fẹ́ ti rọlẹ̀, wọ́n á gbé fóònù sílẹ̀, wọ́n á rẹ́rìn-ín títí, wọ́n á ní ṣé àwọn wọ̀nyí kò ní fèrèsé ni. Fún gbogbo ọdún wọ̀nyí, àwa rò pé ìkìlọ̀ wa ni wọ́n ń gbọ́ tí wọn kò fi ń gbéra. Ojú ara wọn ni wọ́n ń lò. Ọjọ́ Ẹtì yẹn ni ọ̀rọ̀ wa kọ́kọ́ bá ojú wọn mu, òun náà ni wọ́n wá fetí sí.

Mo sọ fún ọ̀gá mi ní ọjọ́ kejì. Wọn kì í ṣe èèyàn burúkú, o mọ̀, wọ́n wá bá mi ṣọ̀fọ̀ nígbà tí bàbá wa kú. Ṣùgbọ́n wọ́n ti ìlẹ̀kùn, wọ́n sì ní ìwé àkọsílẹ̀ wa mọ́, ìkìlọ̀ la kọ, ìkìlọ̀ la ṣe. Bí mo bá lọ la ẹnu mi níwájú ìgbìmọ̀, ọ́fíìsì ló máa gbà á lórí, èmi ló sì máa kọ́kọ́ bà. Mi ò jẹun lọ́jọ́ náà. Kí n má tàn ọ́, mo ro ó dáadáa pé kí n dákẹ́. Mo ní bóyá ìgbìmọ̀ á ṣàánú Bọ̀ọ̀dá láìsí ọ̀rọ̀ mi. Ó ń tì mí lójú pé mo rò bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n mo rò bẹ́ẹ̀.

Ní Ọjọ́bọ̀ mo lọ. Èèyàn mẹ́ta ni ìgbìmọ̀ náà: alága tó jẹ́ bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ ọkọ̀, agbẹjọ́rò obìnrin kan, àti akọ̀wé. Mo sọ gbogbo rẹ̀ láìfi ọ̀kan pe méjì. Agbẹjọ́rò yìí bi mí bóyá ẹ̀gbọ́n mi ni awakọ̀. Mo ní ọmọ ìyá kan náà ni wá. Ó ní ó hàn bẹ́ẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo wá bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n pe ẹnikẹ́ni wọlé láti ọ̀dẹ̀dẹ̀, kí wọ́n bi í pé bí ọ́fíìsì ojú ọjọ́ bá pè é pé afẹ́fẹ́ ti rọlẹ̀, kí ló máa ṣe.

Ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ní òun á ṣí fèrèsé padà. Obìnrin kan tó wá gba ìwé ní òun á lọ sá aṣọ òun, afẹ́fẹ́ kò ní í gbé e lọ mọ́. Apẹja kan ní òun á ti ọkọ̀ òun sómi, kí ni òun tún ń dúró dè. Alága wá pe ẹnìkejì mi níbi iṣẹ́ tó gbé ìwé àkọsílẹ̀ wa wá, wọ́n bi òun náà. Kò tilẹ̀ rò ó, ó ní, “Ìjì ń bọ̀, sà.” Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Bọ̀ọ̀dá, tí wọ́n jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tẹ orí mọ́lẹ̀, wọ́n ń sunkún.

Ọjọ́ Ajé ni ìdájọ́ jáde. Wọ́n dá ìwé àṣẹ Bọ̀ọ̀dá padà. Wọ́n bá ọ́fíìsì wa wí gidigidi, wọ́n kọ̀wé ìkìlọ̀ sí mi, wọ́n sì yọ mí kúrò nídìí fóònù fún oṣù mẹ́ta. Iye ìwúwo afẹ́fẹ́ tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ láti ọdún tó ti pẹ́ ni mò ń dà kọ báyìí. Láti òní lọ, ohun tí a gbọ́dọ̀ sọ ni, “Ìjì ń bọ̀, ẹ má gbéra.” Ìyẹn náà nìyẹn. Ó kúrú ju èyí tí à ń sọ tẹ́lẹ̀ pẹ̀lú gbogbo àlàyé tó yẹ kó tẹ̀ lé e, kò sì sí ẹni tó ro ó rí nínú gbogbo wa.

Òní yìí ni Bọ̀ọ̀dá kọ́kọ́ fẹ́ padà sójú omi. Fóònù dún láàárọ̀, ẹnìkejì mi gbé e. Mo gbọ́ ohùn wọn láti ibi tí mo jókòó sí. Wọ́n ní, “Ẹ bá mi pe àbúrò mi. Òun nìkan ló ti kọ́ ọgbọ́n nínú gbogbo yín.” Ọ̀gá wò mí, wọ́n mi orí pé kí n lọ. Mo gba fóònù. Bọ̀ọ̀dá ní, “Ṣé kí n lọ?” Mo ti wo ẹ̀rọ, mo ti wo àsíá, mo ti wo òkè, mo sì tún wo gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i kí n tó dáhùn. Mo ní, “Ẹ máa lọ, Bọ̀ọ̀dá. Ojú ọjọ́ dára.”

Wọ́n wá ní, “Kí lo pè ní dára?”

Ọ̀rẹ́ mi, mo sọ ọ́ fún wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń bá ọmọdé sọ̀rọ̀: òjò kò ní í rọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, ìjì kò sí níbi kankan, atẹ́gùn tó ń fẹ́ kò lè ju èyí lọ. Wọ́n gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán kí wọ́n tó ní ó dàbọ̀.

Nítorí náà, ohun kan ni mo fẹ́ kí o bá mi ṣe. Bí wọ́n bá tún mú ọ̀rọ̀ náà wá sí ṣọ́ọ̀bù rẹ, má jẹ́ kí wọ́n fi orúkọ Bọ̀ọ̀dá pe agídí. Sọ fún wọn pé èmi ni mo ṣi ọ̀rọ̀ sọ. Dárúkọ mi, mo ti gbà á.

Bá mi kí bàálé rẹ àti Màmá àgbà, kí o sì gba abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ ọmọ yẹn. Èrò mẹ́sàn-án ni Bọ̀ọ̀dá kó, wọn kò tíì dé òdìkejì bí mo ṣe ń kọ ìlà yìí. Àtàárọ̀ ni ọwọ́ ẹ̀rọ ti wà lójú kan, ṣùgbọ́n mi ò tíì lè kúrò lójú fèrèsé.

Èmi ni, ẹni rẹ lọ́jọ́ dídùn àti lọ́jọ́ kíkan,

Awọ̀n-afẹ́fẹ́.